Ohun Tí LaVonne Bá Dè, Eldon Á Tú U

Nígbà tí LaVonne Rupprecht ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tó kọ́kọ́ rí ni kabúrétọ̀ tó dè mọ́ ẹ́ńjìnnì lánàá. Kò sí lára ẹ́ńjìnnì mọ́. Orí tábìlì iṣẹ́ ló wà, ó ti di wẹ́wẹ́, wọ́n sì to ẹ̀ya ara rẹ̀ sórí tówẹ̀lì funfun kan lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù, bí ìgbà tí tíṣà bá to ọmọ iléèwé sórí ìlà. Tówẹ̀lì ọ̀hún, èyí tí ọmọ wọn obìnrin fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà Kérésì ni. Ó ti mu epo yó.

LaVonne ò pariwo. Ó fa àga onírin kan, ó jókòó, ó ń wò ó. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Nígbà tó padà wọlé, Eldon ọkọ rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó ń retí kọfí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń rùn fún epo bẹntiróòlù.

"Ìdọ̀tí wà nínú kabúrétọ̀ yẹn," ni Eldon wí bó ṣe rí i. "Mo ní kí n tètè bá a fọ̀ ọ́. Ta ló tiẹ̀ dè é síbẹ̀ láìfọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?" Eldon rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ìwọ ni, Eldon."

"Háà, ọ̀gá gidi lo ní nígbà náà. Ìwọ lo ò fetí sílẹ̀."

LaVonne gbé kọfí fún un. Ó ti fọ kabúrétọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mọ̀ pé ó mọ́ ju abọ́ tí òun fẹ́ fi gbé oúnjẹ fún un lọ. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ bá ẹni tí kò rántí àná jiyàn sí?

Ìlú kékeré kan ní Ohio, lápá àríwá ìwọ̀-oòrùn, ni wọ́n ń gbé, ibi tí ojú ọ̀nà ti gùn gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fà, tí àgbàdo wà lọ́tùn-ún, tí ẹ̀wà sóyà wà lósì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Eldon fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ gíláàsì. Bó bá ti kúrò nídìí iná lójoojúmọ́, gáréèjì ló ń gbà lọ, ìdí àwọn katakátá rẹ̀. Kì í ṣe katakátá ńlá tí àgbẹ̀ ń gùn là ń wí o. Kékeré ni, èyí tí kò ga ju ìbàdí lọ, tí wọ́n ṣe fún gígé koríko àyíká ilé àti títú ilẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́, láyé ìgbà tí irin ṣì jẹ́ irin. Méje ni tiwọn. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú wọn ti lé láàádọ́ta ọdún. Àwọn èèyàn ìlú yẹn tí wọ́n fẹ́ràn nǹkan báyìí pọ̀, wọ́n ní ẹgbẹ́, wọ́n ní fìlà, wọ́n ní ìpàtẹ ọdọọdún. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń wá ẹ̀yà ara katakátá káàkiri. Ìgbà ooru ni wọ́n ń tún un ṣe.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni dókítà sọ ohun tí LaVonne ti fura sí tipẹ́: pé ọpọlọ Eldon ń gbàgbé, pé yóò sì máa gbàgbé lọ ni. Ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e, Eldon tú ẹ́ńjìnnì kan, ó ṣe é dé àárín, ló bá dúró. Ó mú písítìnnì lọ́wọ́, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò kì í bọ̀ mọ́. LaVonne rí i láti ojú fèrèsé. Obìnrin tó ti se oúnjẹ iléèwé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, kò fọwọ́ kan sípánà rí. Ó nu ọwọ́ nù lára épúrọ́ọ̀nù, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó ní, "Eldon, kí lèyí ń ṣe?"

Eldon wò ó, ó wo písítìnnì. "Èyí? Òun ló ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀, tó ń yí gbogbo nǹkan." Bó ṣe ń ṣàlàyé ni ọwọ́ rẹ̀ ń rántí. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, písítìnnì ti wọlé sáyè ẹ̀.

Àṣírí tí LaVonne rí nìyẹn. Bó bá ṣáà ti ń béèrè, Eldon á máa dáhùn, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀. Orúkọ Trisha ọmọ wọn lè fò ó, ṣùgbọ́n àlàfo tó yẹ kó wà lẹ́nu pílọ́ọ̀gì kò fò ó rí. Báyìí ni LaVonne ṣe kọ́ iṣẹ́ lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ẹ́ńjìnnì mọ ohun tó ń ṣe é. Ìgbà ooru méjì gbáko ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn, kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbà ooru ọdún yìí, nǹkan yí padà. Ọwọ́ tó ń tú ṣì ń rántí. Ọwọ́ tó ń dè ti gbàgbé. Ohun tí LaVonne bá dè ní ọ̀sán, Eldon á jí ní kùtùkùtù, á lọ tú u.

Duane Fetzer, ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, yà kí wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbé àgbàdo tútù ẹ̀kún àpò kan dání. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni, ọ̀rẹ́ Eldon láti kékeré.

"LaVonne," ó ní, "ojú ẹ ti rí bí ohun tí wọ́n yọ nínú ẹ́ńjìnnì."

"Ìwọ náà, ikùn ẹ ti fẹ́ bí táyà ẹ̀yìn. Ṣé mo sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Duane rẹ́rìn-ín, ó gbé àpò kalẹ̀. Ó rí kabúrétọ̀ lórí tówẹ̀lì, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ó tún ti ṣe é?"

"Ó tún ti ṣe é."

"Kó sípánà pamọ́."

"Mo ti kó o pamọ́. Ṣíbí ló fi tú u."

Duane mi orí. Ó wo ìta, níbi tí Eldon ti ń rìn yí igi ápù po, tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "LaVonne, má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Tà wọ́n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á rà wọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á sì tọ́jú wọn."

"Tí mo bá tà wọ́n, kí ló máa wá máa tú? Èmi?"

"Mò ń bá ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ìwọ ń dá àpárá."

"Àpárá ló kù tí mi ò tíì tà," ni LaVonne wí. Ó jókòó sórí àga onírin rẹ̀, kò dìde sìn ín dé ìta. Ẹni tó bá ru ẹrù ló mọ bó ṣe wúwo.

Ohun kan wà tí kò sọ fún Duane. Sátidé kejì oṣù kẹjọ ni ìpàtẹ ẹgbẹ́ wọn máa ń wáyé, ọdún méjìlélógún sì ni Eldon ti ń lọ láìpa á jẹ. LaVonne ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ pé katakátá pupa ni Eldon máa gùn lọ lọ́dún yìí, èyí tó dàgbà jù, èyí tó rà lọ́dún tí wọ́n bí Trisha. Ọdún méjì ni kò ti dún. Kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká òun lára tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé bí pupa bá dún, ohun kan á wà tí òun parí láyé yìí.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, kó tó di pé kabúrétọ̀ di ti orí tówẹ̀lì. Ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, pélébé tó ń dí ẹnu orí ẹ́ńjìnnì. Ó fi òòlù àti ooru iná yọ bíárìn tó ti gan mọ́ abẹ tó ń gé koríko, ó kan tuntun bọ̀ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún kabúrétọ̀ dè. Àtàǹpàkò rẹ̀ bó, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, ẹ̀yìn ń ro ó débi pé ó ń fi ìdúró jẹun. Lóru, bí Eldon bá ti yíra lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ á là, á máa tẹ́tí bóyá ó fẹ́ dìde. Ní Ọjọ́rú, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kọkànlá. Pupa wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kú-kú-kú, wẹ́rẹ́, bí ohùn àgbàlagbà tó jí lójú oorun.

Eldon pàtẹ́wọ́. "Ó jẹ́! LaVonne, ó jẹ́!"

"Ó jẹ́," ni LaVonne wí, ó sì fi ọwọ́ ẹlẹ́gbin nu ojú rẹ̀.

Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀ ó gbé katakátá aláwọ̀ ìyeyè jáde síta, kó lè ráyè gbá gáréèjì. Ó wọlé lọ dín ẹyin. Ó gbàgbé sípánà sílẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó padà jáde, orí ẹ́ńjìnnì pupa ti wà nílẹ̀, abẹ ìgékoríko ti já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti ya sí méjì. Eldon dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, ó kó nọ́ọ̀tù ẹ̀kún ọwọ́, ó ń ju ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú koríko, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fún adìẹ lóúnjẹ.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. LaVonne mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí èèyàn ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" ló fi igbe ta. "Ọjọ́ márùn-ún, Eldon! Ọjọ́ márùn-ún! Wo ọwọ́ mi! Mi ò sùn, mi ò jókòó jẹun, ìwọ wá ń fún koríko ní nọ́ọ̀tù jẹ! Ó sàn kó o kúkú kú, kí n mọ̀ pé opó ni mí, kí n yé pe ara mi níyàwó ẹni tí kò sí nílé!"

Eldon ò jà. Ó na ọwọ́ tí nọ́ọ̀tù kù sí sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ pé tiyín ni. Ṣé ẹ ti rí ìyàwó mi? Òun ló mọ ibi tí nọ́ọ̀tù tó kù wà."

LaVonne gba nọ́ọ̀tù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ó ń bọ̀. Ẹ wọlé wá jẹun." Ó gbé ẹyin fún un, ó gbé búrẹ́dì fún un, kò lè wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó sùn sórí àga gígùn, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.

Ìdákẹ́jẹ́ ló jí i. Aago ara ògiri ti kọjá ọ̀kan ọ̀sán. Ó pe Eldon, kò gbọ́. Ó wo yàrá, ó wo ilé ìwẹ̀, ó sáré jáde sí gáréèjì. Àga onírin wà níbẹ̀, pupa wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Katakátá aláwọ̀ ìyeyè tó gbé síta láàárọ̀ ni kò sí níbẹ̀. Inú agolo kan ló máa ń fi kọ́kọ́rọ́ wọn pa mọ́ sí, lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ti ìyeyè nìkan ló gbàgbé sójú ihò rẹ̀.

Ó wọ inú píkọ́ọ̀pù, ó dé ẹnu ọ̀nà ńlá, kò mọ̀ bóyá kóun yà sọ́tùn-ún ni àbí sósì. Ìgbà yẹn ló rí i. Koríko ẹ̀bá títì ti ga dé orúnkún, nítorí àwọn ìjọba kò tíì gé e lóṣù yẹn. Ṣùgbọ́n lápá ọ̀tún, ìlà kan wà tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ kedere, tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì nígbà tí èèyàn bá na apá méjèèjì, tó sì ń lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Eldon ò kàn gun katakátá lọ. Ó ti gbé abẹ sílẹ̀, ó ń gé koríko lọ.

LaVonne tẹ̀ lé ìlà náà. Ó rọra ń wa ọkọ̀, ó ń wo inú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, ẹ̀rù ń bà á láti wò ó. Níbi gbogbo tí òpó àpótí lẹ́tà wà, ìlà náà á yí i po wẹ́rẹ́, kò kan ọ̀kan ṣoṣo. Ní oríta, ó dópin, ó tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì. Ó kọjá ilé ìkó-àgbàdo-sí, ó kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọlẹ́yìn Luther, níbi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó. Ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà náà yà wọ ọ̀nà oníyanrìn kan. Ìgbà yẹn ni LaVonne mọ ibi tó ń lọ. Ilé funfun alájà méjì tó wà níparí ọ̀nà yẹn, ilé tí bàbá àti ìyá Eldon gbé ni. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti tà á.

Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì kó tó rí ilé. Eldon wà lórí katakátá láàárín àgbàlá, ó jókòó ṣánṣán, ó ti gé ju ìlàjì lọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan gún bí ojú rúlà. Obìnrin kan jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó wọ sálúbàtà inú ilé, ó fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n, ó ń wò ó. Nígbà tí LaVonne bọ́ sílẹ̀, obìnrin náà dìde.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni bàbá?" ló béèrè.

"Èmi ni mo ni ín." LaVonne na ọwọ́ wá ibi tó máa dì mú.

"Ẹ jókòó, mà, kí ẹ tó ṣubú. Ẹ jókòó síbí." Obìnrin náà dì í lápá mú, ó mú un jókòó sórí àtẹ̀gùn. Graciela Ontiveros lorúkọ rẹ̀, ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di tòmátì sínú agolo ló ti ń ṣiṣẹ́ òru, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ ẹrù, kì í sábà sí nílé. Òun nìkan àti koríko tó ti ń di igbó ló wà níbẹ̀.

"Ariwo ló jí mi," ni Graciela wí. "Mo yọjú, mo rí bàbá kan lágbàlá mi. Mo ní, bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe? Ó ní bàbá òun ò ní pẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, pé tí koríko ò bá tíì tán, òun á gba ìgbátí. Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo fún un lómi. Mo fẹ́ pe ọlọ́pàá, mo tún rò ó pé wọ́n á dẹ́rù bà á. Mo ní kí n máa ṣọ́ ọ títí ẹni tó ni ín á fi wá a wá."

"O ò tíì sùn láti òru?"

"Mo sùn díẹ̀." Graciela fi ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀yin náà, ó jọ pé ẹ ò tíì sùn láti ọdún tó kọjá."

LaVonne rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún kó tó dé ẹnu. Kò bò ó mọ́ra. Graciela ò sọ pé kó dákẹ́, ó kàn jókòó tì í. Àwọn obìnrin méjèèjì ń wo Eldon bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú.

Eldon sọ̀ kalẹ̀. Ó wò yíká. Ojú rẹ̀ bọ́ sí LaVonne, ó tan bí iná.

"LaVonne! Ibo lo wà látàárọ̀? Epo ti tán."

"Mò ń bọ̀ wá, ọ̀nà ló jìn." LaVonne dìde, ó lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Eldon, jọ̀ọ́, má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Èyí tí mo sọ láàárọ̀."

Eldon ronú díẹ̀. "Mi ò gbọ́," ó ní. "Ẹ́ńjìnnì ń pariwo."

Nígbà tí Trisha pe láti Columbus lálẹ́ ọjọ́ náà, LaVonne ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Trisha ti ń sọ ọ́ láti ọdún kan sẹ́yìn pé kí wọ́n wá ibi tí wọ́n á ti máa bá wọn tọ́jú bàbá lọ́sàn-án, LaVonne a sì máa bá a jà.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ tèmi," ni Trisha wí, ó ti múra ìjà. "Ó ti tó."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mo mọ̀. Ó ti tó. Bá mi wá nọ́ńbà wọn."

Ibi ìtọ́jú náà ní àyè, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. LaVonne kọ orúkọ Eldon sílẹ̀, ó kúrò níbẹ̀, ó jókòó sínú píkọ́ọ̀pù fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè tan kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbé àpò kalẹ̀, tí apá kò sì gbà gbọ́ pé àpò ti kúrò.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ, Duane kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá. Márùn-ún nínú katakátá méje ni wọ́n gbé lọ. LaVonne rò pé Eldon á bínú, ṣùgbọ́n Eldon ló bá wọn tì wọ́n sórí ọkọ̀, òun ló fi bẹ́líìtì so wọ́n mọ́lẹ̀ dan-in. Kò mọ̀ pé tòun ni. Ó rò pé ilé ẹlòmíì làwọn ti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ó ń sọ àìsàn katakátá kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó rà á.

"Èyí máa ń mu òróró," ló sọ fún ọkùnrin kan tó dé fìlà pupa. "Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ẹ pé kì í mu ún, irọ́ ló pa."

Ọkùnrin náà wo LaVonne. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni. Bí ẹja ló ṣe ń mu ún."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Eldon bọ LaVonne lọ́wọ́ bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ tán lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ó ní, "Katakátá tó dáa ni wọ́n. Ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ tọ́jú wọn."

Duane ló dá a lóhùn, ó ní, "Ó tọ́jú wọn gan-an ni, ọ̀rẹ́ mi," ó sì yára lọ wo táyà ọkọ̀ rẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe.

Pupa àti ìyeyè ló kù. Pupa wà ní títú lórí ilẹ̀ gáréèjì. LaVonne kó àwọn nọ́ọ̀tù tó rí nínú koríko sínú agolo kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì dè é mọ́. Láàárọ̀, Eldon á lọ jókòó síbẹ̀, á mú èyí, á nu ún, á gbé e kalẹ̀, á mú ìyẹn. LaVonne á máa gba oorun díẹ̀ sí i lórí ibùsùn.

Ìyeyè ni wọ́n ṣiṣẹ́ lé lórí. Graciela ló dá àbá náà: kí bàbá máa wá gé koríko òun ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí ẹ̀rọ tòun ti bàjẹ́, bàbá sì gé e ju bí ọkọ òun ṣe ń gé e lọ. LaVonne ní òun ò lè fi ẹ̀mí ṣeré. Torí náà, òun àti Duane lo ọ̀sán ọjọ́ kan, nínú ooru tó ń mú irin jó èèyàn lọ́wọ́, láti fi súìsì kan sábẹ́ ìjókòó. Bí ẹni tó jókòó bá ti dìde, ẹ́ńjìnnì á kú. Duane di wáyà, LaVonne dùbúlẹ̀ sábẹ́ katakátá, ó ń so ó mọ́ irin. Ó tún fi irin kan dí jíà gíga, kó má lè sáré ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Eldon dúró lé wọn lórí.

"Ta ló fẹ́ irú ìdọ̀tí yẹn lábẹ́ ìdí?" ló béèrè.

"Ìjọba ló ní ká fi í síbẹ̀," ni Duane wí.

"Ìjọba ò mọ nǹkan kan nípa katakátá."

"Òun nìyẹn," ni LaVonne dáhùn láti abẹ́. "Gbé sípánà kékeré yẹn fún mi."

Eldon wo àwọn sípánà tó wà nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan. Èyí tó yẹ gan-an ni.

Ọjọ́ ìpàtẹ, òjò bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, kò sì dá títí di ọ̀sán. LaVonne dúró lójú fèrèsé, ó wo ojú ọ̀run, ó wo Eldon tó ń sùn lórí àga, ó pe Duane pé àwọn ò ní lè wá. Ọdún méjìlélógún já níbẹ̀. Eldon ò mọ̀, LaVonne sì ti rò pé yóò dun òun ju bó ṣe dùn ún lọ. Ó lọ sùn.

Bó ṣe rí nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé nìyẹn. Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì, ibi ìtọ́jú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, LaVonne á gbé ìyeyè sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù lórí pákó, wọ́n á lọ sílé Graciela. Ó ń rẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un pé àárẹ̀ náà máa tán, nítorí Eldon kò ní padà sẹ́yìn, iwájú ló ń lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò dá a mọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́wọ́ ìparí oṣù náà, atẹ́gùn ti ń tutù, koríko ò hù mọ́. LaVonne jókòó sórí àga ìta ilé Graciela, ó fi aṣọ òtútù bora, ojú rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Eldon ń lọ, ó ń bọ̀. Graciela gbé kọfí jáde, ó dúró, ó wo àgbàlá.

"Mà," ó ní, "kò sí koríko níbẹ̀ mọ́ o. Ilẹ̀ lásán ni bàbá ń gé."

"Mo mọ̀," ni LaVonne dáhùn, ojú rẹ̀ ti pa dé. "Jẹ́ kó máa gé e."

Graciela gbé ife kọfí náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fa àga kejì, ó jókòó, ó sì ń bá a ṣọ́ ọ.